Ibi Tí Màmá Ní Kí N Má Dárúkọ

Ọjọ́ Ajé, 4 Nòfẹ́ńbà

Àǹtí Lábísí ló ní kí n máa kọ ìwé yìí. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń kọ ti wú jù, pé kí n máa fi Yorùbá kọ ohun tí ojú mi bá rí, bóyá ọwọ́ mi á rọ̀. Màmá ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ dárúkọ ibi tí mo fẹ́ lọ sínú ìwé kankan. Ó ní ìwé lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, Ibẹ̀ ni n ó máa pè é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Ibẹ̀, ó wà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Bí Màmá bá rí gbólóhùn yẹn, mo gbé.

Àǹtí Lábísí, tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló rí Ibẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pè mí wá sílé rẹ̀ ní Ìlaròó lọ́sàn-án òní, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Jókòó, Toheebat. Má sọ̀rọ̀, wò ó ná." Mo wò ó. Háà! Ilé alájà mẹ́ta, òkúta nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Wọ́n to òkúta sínú gíláàsì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, wọ́n tan iná lé e lórí. Ní Àjílétè tiwa, òkúta tí kò bá ti ṣeé dáná lé, ewúrẹ́ la fi ń lé. Àwọn wọ̀nyí ń fún un níná mọ̀nàmọ́ná tọ̀sán tòru! Mo la ẹnu títí Àǹtí Lábísí fi bá mi pa á dé.

Ó ní lọ́dọọdún, wọ́n máa ń mú ogójì ọmọ láti òkè òkun, wọ́n á san owó iléèwé fún wọn, oúnjẹ, ibùsùn, títí dórí owó ọkọ̀ òfurufú. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àwa gan-an ni òkè òkun lọ́dọ̀ tiwọn. Mo ní, "Àǹtí, irú àwọn wo ni wọ́n ń mú?" Ó ní, "Àwọn tó bá kọ̀wé sí wọn."

Mo ti yege Wáẹ̀kì láti ọdún tó kọjá, àmọ́ kò sówó yunifásítì nílé wa. Màmá ti bá Àṣìkẹ́ aránṣọ sọ̀rọ̀, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Màmá lọ́jà Ìlaròó. Tí Ibẹ̀ ò bá mú mi, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, n ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìránṣọ ò burú. Kì í kàn ṣe tèmi ni.

Nígbà tí mo délé, Màmá fà mí wọ yàrá, ó ti fèrèsé. "Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Bàbá Lọ́ńdọ̀n?" Ta ni ò mọ̀? Bùọ̀dá Nàfíù pa àgbò, ó pe gbogbo àdúgbò wá jẹun ìdágbére, ó ra báàgì pupa ńlá kan, ni àwọn ẹ́ḿbásì bá ní kò lè lọ. Ọdún kọkànlá rèé. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni ní gáréèjì. Ọmọ tí wọn ò tí ì bí nígbà náà ń pè é ní Bàbá Lọ́ńdọ̀n, ó sì ń dá wọn lóhùn. Màmá ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pe èmi ní Ìyá Amẹ́ríkà títí n ó fi kú. Ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá gbé ọ tán ni wọn ó tó gbọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n búra. Mo búra.

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Kò síná. Lítà epo ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà, àwọn ọlọ́kadà sì ti fowó lé e. Mo fẹsẹ̀ rìn títí dé ìkóríta, mò ń wo gbogbo òkúta ojú ọ̀nà bí ẹni tó mọ̀ wọ́n rí.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Ìbéèrè tó wà lókè pátápátá nínú fọ́ọ̀mù Ibẹ̀ rèé: Orúkọ wo lo fẹ́ kí a máa pè ọ́? Ẹ gbà mí! Ọdún méjìdínlógún ni mo ti lò láyé, ẹnì kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, Tòhíbà ni mí. Níléèwé, Jibril ni wọ́n ń pè mí, orúkọ bàbá mi, torí òun ló ṣíwájú nínú rẹ́jísítà. Mo kọ Toheebat, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè.

Wọ́n tún fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún Bàbá lọ́dún. Mo bá Bàbá lóko, mo ka ìbéèrè náà sí i létí. Ó fi àdá sílẹ̀.

"Ta ló ń béèrè? Ìjọba?"

"Rárá, Bàbá. Iléèwé ni."

"Iléèwé wo ló ń yẹ àpò mi wò?"

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a ò ní lóòótọ́ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí àwọn ebè ẹ̀gẹ́: èyí fún jíjẹ, èyí fún títà, ọ̀wọ́ tó wà létí igbó fún ọ̀yà. "Ọ̀yà ń mú tirẹ̀ lọ́dọọdún," ló wí. "Kọ tirẹ̀ náà sí i. Má ṣe rẹ́ wọn jẹ." Mo kọ ọ́ sí i lóòótọ́, níbi tí wọ́n ní ká ti ṣàlàyé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà

Àǹtí Lábísí ka àròkọ tí mo kọ fún Ibẹ̀. Mo ti lo gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo mọ̀, mo ní mo jẹ́ ọmọ aláápọn, oníwà tútù, ọlọ́pọlọ pípé, olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Ó kà á tán, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta lẹni yìí?"

"Èmi ni, ma."

"Irọ́ ni. Ẹni yìí ń du ipò káńsẹ́lọ̀." Ó yí bébà náà dé. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá dà ọ́ láàmú, tí o dá jókòó, kí ni ọkàn rẹ máa ń lọ bá?"

 Ó tì mí lójú láti sọ pé nǹkan kékeré tí kò ju èékánná lọ ni.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà

Nǹkan náà rèé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà iyanrìn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ funfun kan báyìí. Nínú ilẹ̀ funfun yẹn ni Bàbá ti rí nǹkan dúdú kan, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ mú, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ó jù ú sókè sí mi, ó ní, "Gbà, ehín ilẹ̀ nìyẹn." Mo fi sínú agolo Rọ́ọ̀bù.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ síléèwé. Àǹtí Lábísí yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lẹ́yìn náà ló ní ehín ẹja ni, ẹja ńlá inú òkun, tó ń pa ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Mo ní, "Àǹtí, kò sódò kankan nítòsí wa tó lè gba ẹja bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Mi ò sọ pé odò. Òkun ni mo wí. Òkun ti wà ní Àjílétè rí."

Ọlọ́run Ọba! Níbi tí ẹ̀gẹ́ Bàbá wà! Níbi tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí sí! Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí èmi ń gbálẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò lè tẹ ilẹ̀ le. Títí dòní, bí mo bá ń fami ní kànga, mo máa ń wolẹ̀ dáadáa kí n tó ju korobá sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Disẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là. Mo kọ nípa ehín ilẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síbí. Àǹtí Lábísí kà á, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nu dígí náà, kò sì sí ohun tó dọ̀tí lára rẹ̀. Ó ní, "Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Disẹ́ńbà

Fóònù mi já sínú korobá omi, ó kú. Ó ku ibi kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù: nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Mo fi nọ́ńbà Màmá sí i. Mi ò sọ fún un. Bí mo bá sọ, á ní kí n pa á rẹ́, pé ọjà lòun máa ń wà, etí sì pọ̀ lọ́jà. Àti pé ta ni yóò jókòó sí Amẹ́ríkà tí yóò máa pe Ìlaròó?

Ọjọ́ Jímọ̀, 3 Jánúárì

Mo ti fi ránṣẹ́!

Ilé Àǹtí Lábísí la wà láti àárọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta la dé orí bọ́tìnnì ìkẹyìn tí ó já. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Lábísí ní, "Fi Bísímílà tẹ̀ ẹ́. Èmi ti fi orúkọ Jésù mú kọ̀ǹpútà náà." Mo tẹ̀ ẹ́. Bébà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lójú kọ̀ǹpútà náà, pupa, àyìnrín, ewé. Wọ́n ń bá mi yọ̀! Ẹni tí wọn ò tí ì mú! Mo bú sẹ́kún. Àǹtí Lábísí ní kí n má da omi ojú sórí kọ̀ǹpútà òun.

Lórí ọ̀kadà, títí mo fi kọjá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tí mo sì dé Àjílétè, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ nípa kànga wa ti wà ní Minnesota, èmi ò tí ì délé.

Ọjọ́ Ajé, 20 Jánúárì

Àṣìkẹ́ aránṣọ dá mi dúró lọ́jà. "Tòhíbà, ìgbà wo lò ń bọ̀? Mo ti nu ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀." Mo ní Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Ó tún ní, "Kí lo máa ń wá ṣe nílé tíṣà yẹn?" Mo ní mò ń bá a fọṣọ. Irọ́ yẹn jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni Àṣìkẹ́. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ ṣe Wòlímọ̀, kò gbowó iṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Fẹ́búárì

Mi ò mọ bí n ó ṣe kọ èyí.

Jímọ̀ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ wo lẹ́tà mi lórí kọ̀ǹpútà Àǹtí Lábísí. Lónìí, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ láti Ọjọ́rú. Ẹni tó kọ ọ́ ni Míìsì Holm, obìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ òkè òkun ní Ibẹ̀. Ó ní inú òun dùn sí àròkọ mi. Ó ní òun pè lórí fóònù láti bá mi dá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àmọ́ ìyá mi ti ṣàlàyé fún òun pé mo ti lọ́kọ, mi ò sì lọ ibì kankan mọ́. Ó kí mi kú oríire ìgbéyàwó. Ó ní tí ó bá jẹ́ àṣìṣe, kí n kọ̀wé kó tó di Ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ náà ni àwọn ń ti orúkọ pa.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi? Ọkọ?

Mo sáré lọ sọ́jà. Màmá ń to ìkòkò. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹnì kan pè yín láti Amẹ́ríkà?" Ó wojú Àṣìkẹ́ lódìkejì, ó fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́. Ìgbà tí a wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló tó sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti ṣe ohun tó dára.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àṣìkẹ́ jókòó tì mí, à ń jẹ̀pà. Mo ní 'Allô.' Òyìnbó kan ní òun ń wá Toheebat tó fẹ́ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn. Etí Àṣìkẹ́ ti nà báyìí! Mo yáa fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan. Ó tún ń béèrè. Mo ní o ti lọ́kọ, o wà nílé ọkọ rẹ. Mo pa á. Mo sọ fún Àṣìkẹ́ pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni."

"Màmá! Ẹ̀ẹ́ṣe?"

"Kí ló dé? Ṣé kò yẹ kó mọ̀ pé èèyàn wà lọ́dọ̀ mi ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé ì bá mọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ tiwa, bí o bá sọ fún un pé ọmọ rẹ ò lọ ibì kankan, á dákẹ́, á tún pè ọ́ lálẹ́. Míìsì Holm kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ẹ ti ba tèmi jẹ́." Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi rí. Mo retí kó gbá mi létí, àmọ́ ìjókòó ló jókòó, sórí ìkòkò tí ó dojú dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Kó tó di pé mo jí, Màmá ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ó ní òun ń bá mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà. Ọ̀kadà kan náà la jọ gùn lọ, ó fi báàgì rẹ̀ sáàárín wa. Mo mọ̀ nínú ara mi pé tèmi ni ìlàjì ẹ̀bi náà. Èmi ni mo fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i láìsọ. Òun pa àṣírí mọ́ fún ayé, èmi pa á mọ́ fún òun.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Lábísí, Màmá ní kí wọ́n pe òyìnbó náà, òun fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Lábísí ní, "Màmá, Àbámẹ́ta ni, wọn ò sí ní ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kó kọ̀wé." Ó yí sí mi. "Má bẹ̀bẹ̀ o. Sọ bó ṣe rí gan-an."

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyá mi purọ́? Mo wẹ̀yìn, mo wo Màmá lórí àga, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo bi í ní ohun tí mi ò bi í rí láti Nòfẹ́ńbà.

"Màmá, ṣé ẹ gbà pé wọ́n lè mú mi?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá iyọ̀ dùn. "Bí mi ò bá gbà, kí wá ni mò ń pa mọ́?"

 Gbogbo oṣù mẹ́rin tí mo fi rò pé ẹ̀rù ìtìjú ló ń bà á, ó ti gbà pé mo ti lọ tán! Ohun tó dá a lójú ló ń ṣọ́.

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo ní: Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lọ́kọ. Ní ìlú wa, ohun tó bá ṣe iyebíye jù, a kì í dárúkọ rẹ̀ lójú ọjà, ó sì jẹ́ pé ojú ọjà gan-an lẹ ti bá ìyá mi. Ì bá ṣe pé kò nígbàgbọ́ nínú mi ni, ì bá ti sọ fún gbogbo ayé. Mo sọ fún wọn nípa Bùọ̀dá Nàfíù àti orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo ní èmi náà jẹ̀bi, torí mi ò sọ fún Màmá pé wọ́n lè pè. Àǹtí Lábísí túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ò kí wọn níbẹ̀rẹ̀." Mo padà lọ kí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì

Ìdáhùn ti dé! Míìsì Holm ní òun ka lẹ́tà mi fún gbogbo ará ọ́fíìsì òun, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sunkún. Orúkọ mi ti padà sórí tábìlì. Jímọ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mi ò mọ ẹni tó sunkún yẹn, ṣùgbọ́n mò ń ṣàdúrà fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

Bí ojú Míìsì Holm ṣe yọ lórí kọ̀ǹpútà, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí. Mo pòórá. Mò ń gbọ́ ọ lókè, "Hello? Toheebat?" Ògiri Àǹtí Lábísí àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ń wò. Mo yọrí díẹ̀, mo ní, "Mò ń kí yín ni, ma." Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹ gbọ́ o: obìnrin náà, tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, rọra tẹ̀ ba, òun náà sì pòórá! Ó di ògiri tó ń kí ògiri. Àǹtí Lábísí ti sá wọ ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ó ní kí n gbé ehín náà sún mọ́ kámẹ́rà. Mo ṣí agolo Rọ́ọ̀bù. Ó ní kí n yí ehín náà sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì, bí Àǹtí Lábísí ṣe yí i lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó wá ní kò sí òkun nítòsí Minnesota, àmọ́ òkun ti débẹ̀ náà rí. Mo ní ṣé òkun kan náà ni? Ó ní rárá, tiwọn tilẹ̀ ti pẹ́ ju tiwa lọ. Mi ò tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀ tó jìnnà tó báyẹn, omi ló wà lórí rẹ̀, omi ló wà lórí tiwa, kò sí ẹnì kankan láyé nígbà náà tó lè pe ọ̀kan ní òkè òkun.

Kó tó lọ, ó ní bó ti wù kó já sí, ìyá mi lòun máa pè. Ó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bóyá mò ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn yìí ò mọ̀ pé à ń gbààwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilẹ̀ ń ta sánsán. Ní mọ́ṣáláṣí, Màmá ní kí àwọn obìnrin bá òun ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kí ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ni. Gbogbo wọn ṣe àmín sí ohun tí wọn ò mọ̀, Àṣìkẹ́ ló sì pariwo jù.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàṣì

Aago méjì ọ̀sán. Mo wà pẹ̀lú Màmá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Fóònù Màmá dún. Ó wò ó, ó rí àmì Amẹ́ríkà níwájú nọ́ńbà, ó sì di ère.

"Allô?"

Abẹ́ páànù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màmá bọ́ síta, kò gbọ́. Ó gun orí bẹ́ǹṣì aládìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ọwọ́ kan di etí kejì. Ó tẹ sípíkà kí n lè bá a gbọ́. Ohùn Míìsì Holm ń já wẹ́wẹ́: ṣé ìyá Toheebat nìyí? Màmá ní "Yes." Àwọn ti mú un, gbogbo owó, gbogbo rẹ̀. Ó ní àmọ́ kí òun béèrè ná, ṣé ó ṣì wà nílé ọkọ ni, àbí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn?

Àṣìkẹ́ ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Aládìí yíjú. Ìlà ṣọ́ọ̀bù wa látòkè délẹ̀ ń wo obìnrin tó dúró sórí bẹ́ǹṣì. Màmá mọ̀ pé físà ṣì wà níwájú. Àǹtí Lábísí ti ṣàlàyé fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ́ḿbásì ni n ó lọ ní oṣù kẹfà, pé wọ́n lè ní rárá. Ó wojú Àṣìkẹ́. Ó wojú mi. 

Ó ya ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì sì sá lọ fún un.

"Ó ń bọ̀! Ọmọ mi ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà! Toheebat ń bọ̀! Kò lọ́kọ, irọ́ ni mo pa! Ó ń bọ̀ o!"

Nínú gbogbo ọjà Ìlaròó, Míìsì Holm nìkan ni kò gbọ́ ohun tó sọ. Èmi ni mo gba fóònù tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹkún sì ń gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Aládìí ń jó. Àṣìkẹ́ dìde, ó fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ sọ́rùn, ó dúró síwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. "Aṣọ lò ń bá tíṣà fọ̀, àbí?" Lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra títí abẹ́rẹ́ àyà aṣọ rẹ̀ fi gún mi.

Bùọ̀dá Nàfíù wá bá wa ṣínu. Ó wọlé pẹ̀lú báàgì pupa ńlá náà lórí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìdìmú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, kò já. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Wá wò ó bóyá síìpù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."  Màmá ló rọra ní, "Bùọ̀dá, bí àwọn ẹ́ḿbásì bá ní kò gbọdọ̀ lọ ńkọ́?"

Bùọ̀dá Nàfíù mu omi rẹ̀ tán ná. "Kó dá báàgì mi padà. Ní ti orúkọ tí wọn ó máa pè é, n ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ. Kò le tó bí ẹ ṣe rò."

Síìpù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 Máàṣì

A débi ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, Màmá ṣí ìlẹ̀kùn, ó ń kó ìkòkò síta. Àṣìkẹ́ yọrí lódìkejì, ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ pariwo, "Ìyá Amẹ́ríkà!"

Ìlà ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n mọ Màmá. Èmi náà dúró pẹ̀lú ìkòkò méjì lọ́wọ́.

Màmá gbé ìkòkò tirẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ta ló ń pè mí?"